Ìwọ̀n Ọmọ ni Ìwọ̀n Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ nípa eku inú igbó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ ológeere tí a bá rà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí òbí bá dé ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́, ìrònú mìíràn ni ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn. Yóò wo owó tí ó wà lápò rẹ̀, yóò wo ọmọ tí ó dúró tì í, yóò sì wí pé, “Ẹ gbé èyí tí ó tóbi fún wa, yóò dàgbà bá a.”

Bí a ti ń rán aṣọ ilé-ìwé ni èyí. Télọ̀ a máa fi àyè sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí, kí a lè tú u nígbà tí ọmọ bá ga sí i. Aṣọ tí ó tóbi kò lè ṣe ọmọ ní ibi kan ju pé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ti kẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ tilẹ̀ nígbà tí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà. Ọmọ tí ìka rẹ̀ kò sì tó ìjánu, èyí tí a ń pè ní bíréèkì, kò lè dá kẹ̀kẹ́ dúró nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Kì í ṣe pé òbí tí ó ń ronú nípa owó ṣe àṣìṣe. Ọmọ ń dàgbà lóòótọ́, owó kò sì sí lórí igi. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àlàyé yìí ni pé àyè wà lára kẹ̀kẹ́ tí ọmọ lè dàgbà sí, ṣùgbọ́n àyè náà kò sí ní títóbi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ó wà lára irin tí ó gbé ìjókòó dúró. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò lè ra kẹ̀kẹ́ tí ó bá ọmọ rẹ̀ mu lónìí, tí yóò sì tún bá a mu ní èṣí méjì tí ń bọ̀.

IBI TÍ ÀṢÀ NÁÀ TI ṢẸ̀

Àṣà fífi ọmọ kékeré sí orí kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ní ìdí tirẹ̀. Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé irú kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Nígbà tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa, iṣẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n bá wá. Ẹsẹ̀ wọn jẹ́ íǹṣì 28, irin ìbú gígùn kan sì so abẹ́ ìjókòó mọ́ iwájú. Àwọn kẹ̀kẹ́ Raleigh tí a ń ṣe ní Nottingham wà nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ jùlọ láàrin wọn. Baba ni ó ń gùn ún lọ sí oko àti ọjà, òun náà ni ó sì fi ń kó iṣu àti kòkó.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti abúlé kan dé èkejì nítorí ilé-ìwé. Èyí tí ó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ nínú wọn, ti baba rẹ̀ ni yóò gbé. Kò lè jókòó lórí rẹ̀, nítorí náà yóò ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin ìbú, yóò tẹ ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì máa wà á lọ ní gbígùn-gbùn-ún. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó wà láyé lónìí ni ó kọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, àpá rẹ̀ sì wà ní ojúgun àwọn mìíràn nínú wọn. Kì í ṣe pé ọ̀nà náà dára, kò sí òmíràn nígbà náà ni.

Kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ bẹ́ẹ̀ a máa wúwo tó kìlógíráàmù 18 sí 20. Ọmọ ọdún 8 fúnra rẹ̀ kò sábà ju kìlógíráàmù 25 lọ. Ta ni nínú àwa àgbà ni yóò gbà láti máa gun ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó òun tìkára rẹ̀? Lónìí, kẹ̀kẹ́ ọmọdé wà lóríṣiríṣi ìwọ̀n, ó wà ní tuntun, ó sì wà ní tòkunbọ̀. Ohun tí ó fa àṣà náà ti kọjá, ó sì yẹ kí àṣà náà pẹ̀lú kọjá.

KÍ A WỌN ẸSẸ̀, KÍ A MÁ KA ỌDÚN

Ohun àkọ́kọ́ tí oníkẹ̀kẹ́ máa ń bèèrè ni pé, “Ọmọ ọdún mélòó ni?” Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò tó. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007, ọmọkùnrin ọdún 8 a máa ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 127. Síbẹ̀, ẹni tí ó ga ní 116 àti ẹni tí ó ga ní 138 lè jẹ́ ọmọ ọdún 8 kan náà, kí ara àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá. Kẹ̀kẹ́ tí ó bá ẹni ìṣáájú mu yóò há ẹni ìkejì mọ́ra. Èyí tí ó sì bá ẹni ìkejì mu yóò gbé ẹni ìṣáájú ṣubú.

Ẹsẹ̀ ni kí a wọ̀n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni, ilé ni a sì ti ń ṣe é kí a tó jáde lọ sí ọjà. Kí ọmọ wọ bàtà tí yóò máa fi gun kẹ̀kẹ́, kí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ó sì ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Kí a mú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kí a fi sí àárín itan rẹ̀ méjèèjì, kí a rọra gbé e sókè títí yóò fi kan ìpàdé itan, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Kí a fi ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú sàmì sí ibi tí òkè ìwé náà kan lára ògiri. Lẹ́yìn náà, kí a fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ibi àmì náà. Iye tí a bá rí ni a óò máa pè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀. Kí a kọ ọ́ sí ìwé pẹ̀lú gíga ọmọ náà láti ilẹ̀ dé àtàrí, kí a sì mú téèpù dání lọ sí ọjà.

OHUN TÍ NỌ́ŃBÀ ARA TÁYÀ Ń SỌ

Nọ́ńbà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní sáìsì jẹ́ ìwọ̀n ìbú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, láti eteetí táyà kan dé èkejì, ní íǹṣì. A máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ara táyà. Bí a bá rí 20 x 1.75, kẹ̀kẹ́ onísáìsì 20 ni, 1.75 jẹ́ sísanra táyà. Èyí ni bí àwọn sáìsì náà ṣe ń bá ọmọ mu:

Sáìsì 12: ọmọ tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 85 sí 100.
Sáìsì 14: ọmọ tí ó ga ní 95 sí 110.
Sáìsì 16: ọmọ tí ó ga ní 105 sí 120.
Sáìsì 20: ọmọ tí ó ga ní 115 sí 135.
Sáìsì 24: ọmọ tí ó ga ní 130 sí 150.
Sáìsì 26: ẹni tí ó ga ju 145 lọ.

Ẹ óò ṣàkíyèsí pé àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí wọ ara wọn. Ọmọ tí ó ga ní 132 lè gun 20, ó sì lè gun 24. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kẹ̀kẹ́ méjì lè jẹ́ sáìsì 20, kí ìjókòó ọ̀kan ga ju ti èkejì lọ, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ó ṣe wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ara táyà yóò mú wa dé ìdí kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ kí a wò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni yóò ṣe ìdájọ́.

IBI TÍ ÀYÈ ÌDÀGBÀ WÀ

Abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni òpó irin kan wà tí ó wọ inú férémù. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì tí ó dì í mú, a lè fà á sókè tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Òpó yìí ni ìṣẹ́tí kẹ̀kẹ́. Kí òbí fi téèpù wọn ìjókòó láti ilẹ̀ nígbà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí a fà á dé òkè ibi tí a lè fà á dé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ni àyè tí ọmọ ní láti dàgbà.

Ẹni tí ń kọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè jókòó kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ sí ilẹ̀; èyí ni pé kí ìjókòó má ga ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n gùn kò nílò èyí mọ́; ó tó kí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ gíga tí ó tọ́ sí i, kí ó jókòó, kí a di kẹ̀kẹ́ mú, kí ó fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Nígbà tí ó bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bí ó ti yẹ, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ yóò sì pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn. Ká ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56, kẹ̀kẹ́ méjì sì wà níwájú baba rẹ̀. Èkíní jẹ́ sáìsì 20. Ìjókòó rẹ̀ lè wálẹ̀ dé 55, ó sì lè lọ sókè dé 68. Èkejì jẹ́ sáìsì 24. Ìjókòó rẹ̀ kò lè wálẹ̀ ju 68 lọ. Bí baba bá ra èkíní, ọmọ yóò kọ́ ọ ní 55, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n tán, a óò fà á sókè dé bí 62. Láti ọmọ ọdún 5 títí di ìgbà tí ìbàlágà bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ a máa ga sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 lọ́dún, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a sì máa bọ́ sí ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń fi nǹkan bí 3 gùn sí i lọ́dún, a óò gbé ìjókòó dé 65 ní ọdún kìn-ín-ní, àti 68 ní ọdún kejì. Ọdún méjì gbáko ni yóò fi gùn ún kí òpó náà tó tán.

Bí baba náà bá ra èkejì ńkọ́? Ìjókòó ga ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 12. Bí ó tilẹ̀ dìde sórí ọmọ-ìka, kò lè kan ilẹ̀. Yóò tó nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó lè gùn ún láìséwu. Nínú ọdún méjì náà, yálà kẹ̀kẹ́ yóò fara ti ògiri, tí ìpẹtà yóò máa jẹ ṣéènì rẹ̀, tàbí ọmọ yóò máa gùn ún, tí yóò sì máa ṣubú. Èwo ni èrè níbẹ̀?

Kí a kíyè sí ohun kan. Lára òpó ìjókòó, àmì kan wà tí a fín sí i, tí ó ń fi hàn ibi tí a kò gbọ́dọ̀ fà á kọjá. Bí àmì náà bá ti yọ jáde láti inú férémù, òpó lè ṣẹ́ tàbí kí ó yọ nígbà tí ọmọ wà lórí rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti pa àmì náà rẹ́, kí èyí tí yóò wà nínú férémù má ṣe dín ní íǹṣì méjì ààbọ̀. Ọjọ́ tí ìjókòó bá dé ibi àmì, tí orúnkún ọmọ sì ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó bá ń yà, ọjọ́ náà ni kẹ̀kẹ́ kéré fún un.

ÀYẸ̀WÒ KÍ A TÓ SAN OWÓ

Ó tọ́ kí a mú ọmọ dání lọ sí ọjà. Kí ó kọ́kọ́ dúró kí kẹ̀kẹ́ wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, níwájú ìjókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀. Bí irin ìbú bá wà, ó gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ìpàdé itan rẹ̀ lọ ní íǹṣì kan sí méjì, kí ó má baà ṣe é léṣe bí ó bá já bọ́ láti orí ìjókòó. Kẹ̀kẹ́ tí irin rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní ti obìnrin, dára púpọ̀ fún ọmọdé, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin.

Lẹ́yìn èyí, kí ó jókòó kí ó sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá nà tán gbọnrangandan, kò ní lè yà bí ó ti yẹ. Kí ó fún ìjánu ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ó jù ọwọ́ sílẹ̀. Bí ìka rẹ̀ kò bá tó o, kí a bèèrè lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ bóyá ìdè kékeré wà lára ìjánu náà tí a lè fi fà á súnmọ́ ọwọ́. Bí kò bá sí, tí ọmọ kò sì lè fún un títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò fi dúró gírígírí, kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lágbára, ìjánu tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà sẹ́yìn mú ni ó rọrùn jù.

Kí a tún wo etí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Rọ́bà gbọ́dọ̀ bo orí irin náà. Ọmọ tí ó ṣubú lé orí irin ìhòòhò lè fara pa nínú, ní ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun, kí ara rẹ̀ má sì fi ọgbẹ́ ńlá kankan hàn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí inú sì ń dun ọmọ lẹ́yìn ìṣubú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni a fẹ́ rà, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í bèèrè. Kí oníkẹ̀kẹ́ tú nọ́ọ̀tì òpó ìjókòó lójú wa, kí ó sì fà á sókè, kí ó tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ìpẹtà ti gan òpó ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ mọ́ férémù, kò sì ní gbéra mọ́. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní àyè ìdàgbà kankan, owó rẹ̀ ìbáà tilẹ̀ kéré. Kí a sì wo ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀, bóyá ó ti sán, kí a sì gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀ kí a yí i, bóyá ó ń lọ geere tàbí ó ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

BÍ ỌMỌ ṢE LÈ YÁRA MỌ̀ Ọ́N

Ní 1817, Karl von Drais ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan ní ilẹ̀ Jámánì tí kò ní pẹ́dà rárá. Ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn, a sì máa yọ̀ lọ síwájú. Ọ̀nà yìí gan-an ni ó rọrùn jùlọ fún ọmọ láti kọ́ bí a ṣe ń dúró lórí kẹ̀kẹ́. Kí a yọ pẹ́dà méjèèjì kúrò, kí a tẹ ìjókòó wálẹ̀, kí ọmọ sì máa fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ lọ ní ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Nígbà tí ó bá lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè tí kò sì yẹ̀, kí a dá pẹ́dà padà. Kí ẹni tí yóò tú u rántí pé pẹ́dà ọ̀tún ni a ń tú sí òsì bí nọ́ọ̀tì yòókù. Ti òsì, sí ọ̀tún ni a ń tú u. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fi agbára ba ojú irin jẹ́ nítorí pé wọn kò mọ èyí. Ẹ ó rí i pé kẹ̀kẹ́ tí ó ga jù kò lè ṣe ẹ̀kọ́ yìí rárá, nítorí ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Kí akoto wà ní orí rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ó jókòó ní ìwọ̀n ìka méjì sókè ìpéǹpéjú, kí okùn rẹ̀ sì fara mọ́ àgbọ̀n. Akoto pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí à ń rà pé ọmọ yóò dàgbà bá.

NÍPA TI OWÓ

Òbí tí ó bá ní ọmọ mẹ́ta kò nílò láti ra kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ní ọjọ́ kan. Bí a bá ra sáìsì 20 tí ó ní òpó gígùn fún àkọ́bí, tí a ń fi epo sí ṣéènì rẹ̀, tí a sì ń gbé e sínú ilé nígbà òjò, àbúrò yóò bá a ní ipò rere. Àwọn ará agbo ilé kan tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè bá ara wọn ṣe é pẹ̀lú: kẹ̀kẹ́ tí ó kéré fún ọmọ ẹnìkan ni ọmọ ẹlòmíràn ń wá, wọ́n sì lè ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n fi owó díẹ̀ lé e. Bí a bá ṣe báyìí, kẹ̀kẹ́ kan lè kọ́ ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Kí a máa wọn ọmọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí a sì máa gbé ìjókòó ní ìwọ̀n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn sí i. Nígbà tí ìbàlágà bá dé, èyí tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé bá ọmọbìnrin ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ọmọkùnrin, ara a máa yára ga. Kí a máa wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ lè kà, ẹ ka èyí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kà, pàápàá àwọn tí ń múra láti lọ sí ọjà kẹ̀kẹ́. Ìwé kan, èédú kan àti téèpù télọ̀ ni gbogbo ohun èlò tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹsẹ̀ tí ọmọ ní lónìí ni yóò fi tilẹ̀ lónìí. Èyí tí yóò ní ní ọdún méjì òní, òpó ìjókòó ti ń dúró dè é.